Kúlà fún Ọjọ́ Ìsinmi: Yìnyín Ni Kẹ́ ẹ Tìtorí Rẹ̀ Rà Á

Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta ike ní Aléṣinlọ́yẹ́ tàbí Dùgbẹ̀ pé kúlà lẹ ń wá, kò ní pẹ́ tó fi máa fọwọ́ sọ̀yà pé bí oúnjẹ bá ṣe gbóná wọnú rẹ̀ lónìí náà ló ṣe máa gbóná jáde lọ́la. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, tó wá bu ìrẹsì ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ sínú kúlà de ọ̀sán Sátidé, inú rírun àti èébì ló ń pè wá sílé. Síbẹ̀, a ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Ilé Kristẹni tó bá fẹ́ pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ tọkàntọkàn máa jàǹfààní kúlà gan-an, àmọ́ nítorí ohun tútù ni kó ṣe rà á, kì í ṣe nítorí ohun gbígbóná.

Ká tó dé orí fóòmù àti rọ́bà ìdérí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó gbé oúnjẹ dé inú ọ̀rọ̀ ìsinmi. Òfin Mẹ́wàá wà ní Ẹ́kísódù orí 20, àmọ́ ní orí 16 ni Ọlọ́run ti kọ́kọ́ kọ́ Ísírẹ́lì bí wọ́n ṣe ń sinmi, oúnjẹ ló sì fi kọ́ wọn. Mánà, oúnjẹ tó ń ti ọ̀run wá, tó kún òṣùwọ̀n ómérì kan ni wọ́n ń kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n kó méjì. Mósè ní kí wọ́n yan èyí tí wọ́n bá máa yan, kí wọ́n se èyí tí wọ́n bá máa sè, kí wọ́n tọ́jú ìyókù di àárọ̀. Mánà tí wọ́n bá tọ́jú mọ́jú láwọn ọjọ́ tó kù máa ń yọ ìdin, á sì máa rùn, àmọ́ èyí tí wọ́n tọ́jú de ọjọ́ keje ò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run nìyẹn. Kò ṣèlérí irú rẹ̀ fún ìkòkò ọbẹ̀ wa, torí náà apá ti Mósè ló kù sí wa lọ́wọ́: ká ti parí iṣẹ́ oúnjẹ kí ọjọ́ náà tó dé, ká sì mọ bí oúnjẹ ò ṣe ní bàjẹ́.

Àwọn kan á ní Kólósè 2:16 ti tú wa sílẹ̀. Òótọ́ ni pé Pọ́ọ̀lù ní kí ẹnikẹ́ni má dá wa lẹ́jọ́ nítorí ọjọ́ ìsinmi, a ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìsinmi ti wà kí Mósè tó wà. Jẹ́nẹ́sísì orí 2 sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sinmi lọ́jọ́ keje, ó sì bù kún ọjọ́ náà. Jésù náà ò sọ ní Máàkù 2:27 pé ọjọ́ ìsinmi ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé torí èèyàn la ṣe dá a. Ẹ̀bùn ni. Kí Olúwa fún èèyàn ní ọjọ́ kan gbáko lọ́sẹ̀, kéèyàn wá ní òun ti dòmìnira, kó máa fi ọjọ́ méjèèje ṣe làálàá bí ẹni tí wọn ò tíì rà padà, ohun tó bani lọ́kàn jẹ́ ni.

Ní ti ọjọ́ tó yẹ ká sinmi, àwọn tó ń pa Sọ́ńdè mọ́ àti àwọn tó ń pa Sátidé mọ́ ló wà nílùú Ìbàdàn yìí. Kúdẹtì ni àwọn míṣọ́nnárì David àti Anna Hinderer tẹ̀dó sí ní 1853, Sọ́ńdè sì ni ìjọ tó ti ibẹ̀ jáde ń pa mọ́ títí dòní. Ní Ẹrúnmu, tí kò jìnnà sí Ìbàdàn, ni àwọn Adventist ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1914. Ní tiwọn, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ títí di ìgbà tó bá wọ̀ ní Sátidé ni. A ò ní parí àríyànjiyàn yẹn níbí. Ẹni tí ìsinmi náà kàn ló jẹ wá lógún. Nígbà tí Constantine, olú ọba Róòmù, pàṣẹ ní 321 pé kí ìlú sinmi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ní kí àwọn àgbẹ̀ máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Òfin Mósè ò yọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Deutarónómì 5:14 dárúkọ ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ẹrúkùnrin, ẹrúbìnrin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti àlejò, ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí àwọn ìránṣẹ́ lè sinmi bí ìwọ náà ṣe ń sinmi. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé wa ti ń kùnà. Bàbá á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á bọ́ agbádá, á na ẹsẹ̀. Ìyá àti ọmọ ọ̀dọ̀ á gba kíṣìnì lọ, wọ́n á gún iyán, wọ́n á fọ abọ́ títí di agogo mẹ́rin. Ẹnì kan ṣoṣo ló sinmi nínú ilé yẹn. Ilé oúnjẹ kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: tí a bá pa iná ilé wa, tí gbogbo wa wá wọ́ lọ sí búkà lẹ́yìn ìsìn, iṣẹ́ náà ò dín, a kàn gbé e lé ọmọ ẹlòmíràn lórí ni. Nehemáyà ti ilẹ̀kùn Jerúsálẹ́mù mọ́ àwọn oníṣòwò nítorí irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ohun tí a fi ń mọ kúlà tó dáa ni bóyá ó lè yọ ìyá ilé kúrò nídìí iná láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ kejì, kí gbogbo ilé yó, kí inú má sì run ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ooru, níbi tó ti kùnà. Ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná tó nǹkan bíi 100°C. Kẹ́ ẹ tó bù ú tán sínú kúlà, ó ti wálẹ̀ sí bíi 85. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá 60°C, torí pé láàárín 60 sí 5 ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Kúlà oníke tó dáa, tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi omi híhó mú gbóná, tẹ́ ẹ sì kún dé ẹnu, á gbé oúnjẹ dúró lókè 60 fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ìdajì lẹ kún un, kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí àyè tó ṣófo lókè oúnjẹ ló ń fa ooru rẹ̀ lọ. Láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí agogo kan ọ̀sán ọjọ́ kejì jẹ́ wákàtí mọ́kàndínlógún. Kò sí kúlà oníke tó lè rìn ín.

Ohun tó burú ni pé oúnjẹ náà kì í tutù. Á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìyẹn ló sì bá kòkòrò lára mu jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus wà nínú ìrẹsì, irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Tí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́, á hù, á sì tu májèlé tí títún oúnjẹ gbé kaná ò lè pa. Ìdí nìyẹn táwọn tí inú ń run fi máa ń sọ pé, "A ṣáà tún un gbé kaná ká tó jẹ ẹ́ o!" Ìkòkò ńlá ọbẹ̀ ẹran àti ẹ̀wà náà ní kòkòrò tirẹ̀, Clostridium perfringens, tó máa ń yára pọ̀ ní nǹkan bíi 43 sí 45°C. Ojú ò lè rí i, ó sì lè máà tíì kan lẹ́nu.

Ìlú àmàlà nìlú wa, ó sì dunni láti sọ ọ́, àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni oúnjẹ tí kò bá kúlà ṣe jù lọ. Àmàlà tẹ́ ẹ di sínú ọ̀rá máa ń làágùn; lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti yọ̀ fún omi, inú rẹ̀ á sì ti le. Gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan, torí ẹ̀wà lílọ̀ tó ṣàn ni. Ewédú á dúdú, kò sì ní fà mọ́. Ẹ fi àmàlà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà tó kù.

Ibi tí ooru kúlà ti wúlò ni oúnjẹ alẹ́ tí ẹ fi ń gba ọjọ́ ìsinmi wọlé. Ẹ da omi híhó sínú rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù, ẹ bu oúnjẹ sí i láti orí iná tààrà, ẹ jẹ́ kó ku ìbú ìka kan péré sí ẹnu. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, ìdajì kọ́ńgò máa ń di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tó bá jiná, torí náà kúlà lítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ló bá a mu. Kúlà lítà márùn-ún máa ṣófo jù fún un. Bẹ́ ẹ bá dé e ní agogo márùn-ún àbọ̀, á ṣì máa gbóná dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá parí orin àti àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní agogo mẹ́jọ. Ẹ má ṣí i wò.

Ti yìnyín ló dáa jù, ìdí rẹ̀ sì yéni. Oúnjẹ gbígbóná fi nǹkan bíi 55°C ju afẹ́fẹ́ ilé wa lọ, torí náà ooru ń sá jáde kíákíá. Yìnyín fi nǹkan bí ọgbọ̀n péré kéré sí afẹ́fẹ́ náà. Ó tún ku èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí yìnyín kílò kan tó yọ́ tán, ooru tó máa gbà tó èyí tó máa gbé kílò omi kan láti 0 dé 80°C. Ní gbogbo àsìkò tó fi ń yọ́, kò ní kúrò lójú 0. Ìdí nìyẹn tí kúlà kan náà tí kò lè tọ́jú ìrẹsì gbígbóná di òwúrọ̀ fi lè tọ́jú oúnjẹ tútù fún odindi ọjọ́ kan. Ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ti lè lọ nígbàkigbà, ìyẹn ò kéré. Fíríìjì tí iná ti lọ kò ní tutù tó mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ ṣí i.

Omi inú ọ̀rá ni yìnyín tó rọrùn jù. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú fírísà láti Ọjọ́rú, nígbà tí iná bá wà. Tẹ́ ẹ bá tò ó lérí ara wọn, àárín ò ní dì. Kúlà lítà mẹ́wàá gba mẹ́fà, àyè oúnjẹ ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin sì máa kù. Ẹ kó mẹ́ta sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta bo oúnjẹ lórí, torí òtútù máa ń wálẹ̀ ni, kì í gòkè. Ẹ fi aṣọ ìnura dí àyè tó bá ṣófo. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà nínú rọ́bà olómorí, nítorí omi máa ń sun lára ọ̀rá, ewé tó bá rẹ sínú rẹ̀ á sì bá mọ́ínmọ́ín jẹ́. Tó bá jẹ́ yìnyín àwọn ẹlẹ́ja lẹ rà, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, torí òórùn rẹ̀ á wọ ẹ̀kọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé oúnjẹ tó ṣì gbóná sínú yìnyín. Mọ́ínmọ́ín kílò kan tó ń ru èéfín lè yọ́ yìnyín tó sún mọ́ kílò kan, kúlà yín á sì ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ tú mọ́ínmọ́ín sórí àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má gun ara wọn, ẹ tan fáànù sí i tàbí kẹ́ ẹ gbé e síbi atẹ́gùn. Ọbẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sínú bàsíà omi tútù, kẹ́ ẹ máa rò ó, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ omi náà tó bá ti gbóná. Láàárín wákàtí kan sí méjì ó yẹ kó ti tutù, kó sì ti wọlé.

Kí wá lẹ máa jẹ? Ẹ̀kọ tutù àti mọ́ínmọ́ín ni ọba oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi. Nínú ewé ni wọ́n wà, wọn ò fẹ́ iná, wọn ò sì dá abọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fọ̀. Ẹja díndín, ẹyin sísè, búrẹ́dì, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti gààrí pẹ̀lú ẹ̀pà á tẹ̀ lé wọn. Ọbẹ̀ ata dídín tí omi rẹ̀ ti gbẹ dáadáa máa ń dára nínú yìnyín. Àwọn tó gbà pé gbígbé oúnjẹ kaná kò ba ìsinmi jẹ́ lè gbé ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ kaná títí tó fi máa hó. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Ẹ́kísódù 35:3 tí wọn kì í dáná rárá á fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ ní tútù. Ìrẹsì tútù ṣe é jẹ tó bá wọ yìnyín lásìkò, àmọ́ ó máa ń le, a ò sì fi bẹ́ẹ̀ dábàá rẹ̀.

Ní ti ògì, ọ̀pọ̀ ló ra fúláàsìkì irin nítorí rẹ̀. Fúláàsìkì irin tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín awẹ́ rẹ̀ méjèèjì dáa ju kúlà lọ fún omi gbígbóná, omi tíì á sì wà nínú rẹ̀ di àárọ̀. Àmọ́ ògì ò ní dì. Àgbàdo nílò nǹkan bíi 70°C kó tó ki, ògì pípò sì tutù. Omi tó ti sùn mọ́jú, tó wá pàdé ògì tútù, á wálẹ̀ jìnnà sí ìyẹn. Á ṣàn bí omi, á sì máa ta ẹnu ní tútù. Tíì tàbí mílíìkì oníyẹ̀fun ló yẹ kẹ́ ẹ fi omi yẹn pò. Fúláàsìkì onídígí máa ń tọ́jú omi gbígbóná dáadáa pẹ̀lú, àmọ́ ilé tó bá lọ́mọ kékeré kó yẹra fún un. Tó bá fọ́, àfọ́kù dígí rẹ̀ á wà nínú omi náà.

Tẹ́ ẹ bá délé ọjà, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ara kúlà náà yíká, àti ìdérí. Tó bá dún kó-kó bí ohun tó ṣófo, fóòmù ò dé ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni òtútù máa gbà jáde. Ìdérí ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà wà lẹ́nu ìdérí, bóyá ó ṣeé yọ fọ̀. Ẹ fi ọ̀já bébà kan há ìdérí, ẹ dé e, ẹ fà á: tó bá yọ wọ̀ọ̀, kò dé. Fún yìnyín, onígun mẹ́rin tí ara rẹ̀ nípọn, tó ní ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀, dáa ju roboto mẹ́ta-nínú-ara-wọn tí wọ́n ń kó lọ òde àríyá. Ti fúláàsìkì irin, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n da omi híhó sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá ti gbóná, ó ti jò.

Wọ́n sábà máa ń fi ọwọ́ ara wọn ba kúlà jẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò láti orí iná lé inú rẹ̀, ike inú á là, omi á gba ibẹ̀ wọ fóòmù. Fóòmù tó mumi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n torí kúlà náà á wúwo ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ máa yọ rọ́bà ìdérí fọ̀ lọ́tọ̀, torí abẹ́ rẹ̀ ló ti máa ń bu. Ẹ má dé e nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e pa mọ́.

Kúlà tó dáa jù lágbàáyé ò lè gba ẹni tí kò múra sílẹ̀ là. Oòrùn máa ń wọ̀ ní Ìbàdàn ní nǹkan bí agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú nínú oṣù Kọkànlá, àti bí agogo méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún nínú oṣù Keje. Òṣìṣẹ́ tó kúrò ní ọ́fíìsì ní agogo mẹ́rin lọ́jọ́ Jímọ́, tó tún bọ́ sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, kò ní ju wákàtí kan lọ nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ọjà Bódìjà rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ náà ni kó lọ ata, kó din ọbẹ̀, kó se ẹyin. Kó rẹ ẹ̀wà mọ́jú Jímọ́, kó bó o, kó lọ̀ ọ́ kó tó jáde, kó gbé e sínú yìnyín, kí mọ́ínmọ́ín nìkan lè kù láti sè tó bá dé. Wákàtí kan ló máa gbà lórí iná. Ìtutù rẹ̀ ló máa wọnú àsìkò ìsinmi, ìyẹn ò sì ní kẹ́nikẹ́ni ṣe é. Ẹni tó ń pa Sọ́ńdè mọ́ ní gbogbo Sátidé lọ́wọ́, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà nira fún un, àfi tí òde àríyá bá gba Sátidé yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ká má tanra wa, òde àríyá ló ń jẹ ìsinmi Sọ́ńdè níyà jù nílùú yìí. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó ti òde dé lálẹ́, ẹ múra láti Jímọ́, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ yìnyín láàárọ̀ Sátidé.

Ẹni tó ń dá gbé kò nílò kúlà lítà mẹ́wàá. Lítà mẹ́rin pẹ̀lú omi dídì méjì tàbí mẹ́ta ti tó o. Ilé tó bá ní fíríìjì tí sólà ń gbé láìdákú ò nílò rẹ̀ rárá, àyàfi fún oúnjẹ tí wọ́n bá ń gbé lọ bá ìjọ jẹ pọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó kúlà wá láti ilé márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má dáná fún gbogbo ìjọ. Kó jẹ́ àwọn ọkùnrin ló máa bù ú, kí wọ́n sì kó àwọn abọ́ sínú bàsíà ọṣẹ títí tí ọjọ́ náà á fi parí.